Owó tí ẹ̀ ń ná sórí ẹranko oníke: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí a bá ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi láti to ẹranko lọ́wọ̀ọ̀wọ́

Ó ń dunni láti rí olùkọ́ tuntun tó fi owó ara rẹ̀ ra àpò ẹranko oníke ńlá, tí kò sì rí nǹkan kan kọ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó lọ sọ́jà.

1. Ríra ẹranko tí ọmọ kò rí rí. Kí ọmọ tó lè to ẹranko, ó ní láti mọ ohun tó bo ara rẹ̀, bó ṣe ń rìn àti ibi tó ń gbé. Ọmọ Ìbàdàn mọ èyí nípa ewúrẹ́, adìyẹ, ajá, alángbá àti ìgbín. Kò mọ ọ́n nípa kangaroo, àfi kó há a sórí. Nínú ọ̀pọ̀ àpò bẹ́ẹ̀, erin àti ewúrẹ́ ga bákan náà, ẹ kò tilẹ̀ lè fi wọ́n kọ́ ọmọ ní ńlá àti kékeré. Ẹranko 6 tó láti bẹ̀rẹ̀: adìyẹ, pẹ́pẹ́yẹ, ẹyẹlé, ewúrẹ́, ajá, màlúù.

Bí kò bá sí ti oníke, ẹ gé àwòrán láti ara kàlẹ́ńdà àtijọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí tó tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ẹ gé koríko àti omi ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, nítorí bí pẹ́pẹ́yẹ àti ewúrẹ́ bá jọ dúró lórí koríko, àwọn ọmọ kan á kó wọn pọ̀ nítorí koríko náà. Ehoro tó wọ ṣòkòtò kò wúlò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ kí ọmọ rí.

2. Ohunkóhun tó bá lè wọ inú páálí róbótó tí wọ́n ń ká tíṣù mọ́, ẹ má gbé e fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Ó lè há a lọ́fun.

3. Kíkó ìbéèrè méjì pọ̀. Èyí ló ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ jù, òun náà ló sì kún inú àwọn ìwé iṣẹ́ tí ẹ̀ ń rà. Ẹ ó rí àpótí mẹ́ta lójú ewé kan: ẹran ilé, ẹran igbó, ẹyẹ. Níbo ni kí adìyẹ wà? Ẹran ilé ni, ẹyẹ sì ni. Ọmọ á fi í sí ẹran ilé, olùkọ́ á fi báírò pupa fagi lé e, bẹ́ẹ̀ ọmọ ló gbà á. Àpótí méjì àkọ́kọ́ ń béèrè ẹni tó ń tọ́jú ẹranko, ìkẹta ń béèrè ohun tó bo ara rẹ̀. Ọmọ tí a bá fagi lé báyìí ní ẹ̀ẹ̀mẹta á dẹ́kun wíwo ẹranko, ojú olùkọ́ ni yóò máa wò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í: ṣé ó ní ìyẹ́ lára, àbí kò ní? Ẹ fi okùn ṣe òbìrí méjì sílẹ̀. Ẹ fọ ìyẹ́ adìyẹ kan pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ fi sínú òbìrí kan kí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ìkejì sílẹ̀ lófìfo.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń béèrè pàápàá lè da ọmọ láàmú. Bí ẹ bá ní kó mú ẹran ilé, ó lè mú ọmọńlé, nítorí inú ilé ló ń rí i, orúkọ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kúkú ní kó mú èyí tí èèyàn ń fún lóúnjẹ. (Ẹ fi ọ̀yà sílẹ̀ ná, nítorí igbó ló ti wá, àwọn kan sì ti ń sìn ín.)

“Fò” tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí wọ́n mú àwọn tó ń fò, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọ́ àti tata mọ́ ẹyẹlé, ẹ̀ ń bínú. Kí ló dé? Ẹyẹlé ń fò lójú ọ̀run, ọ̀pọ̀lọ́ ń fò kọjá gọ́tà, èdè wa ni ọmọ gbọ́ yẹn. Fífò kọ́ ló sì ń sọ nǹkan di ẹyẹ: labalábá ń fò, kì í ṣe ẹyẹ; ògòǹgò kò lè fò, ẹyẹ ni. Ìyẹ́ lára ni àmì rẹ̀. Ẹ má gbé àdán dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún 3 rárá. Irun ló ní lára, ó ń bímọ, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó tún ń fò.

Àwọn orúkọ bí afọ́mọlọ́mú àti afàyàfà, ẹ fi wọ́n dúró de ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ 6 kòkòrò àti ẹsẹ̀ 8 aláǹtakùn náà, ó di ìgbà tí ọmọ bá lè fi ìka ka nǹkan dé 10 láì fo ọ̀kan.

Kí ẹ tó sọ pé ọmọ ṣì í, ẹ bi í pé, “Kí ló dé tí o fi gbé e síbẹ̀?” Bí màlúù yín bá pupa, tí adìyẹ náà pupa, àwọ̀ ló fi kó wọn pọ̀, ìtòjọ gidi sì ni. Ẹ gbà á fún un, kí ẹ tó padà sórí ìbéèrè ìyẹ́.

Ọmọ 4 lórí ẹní kan, ìṣẹ́jú 10, ó tó. Bí ẹ bá mú adìyẹ gidi wá, kí gbogbo wọn fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa dúró síbi ìbéèrè àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ béèrè nípa ẹsẹ̀: ṣé méjì ni àbí kì í ṣe méjì? Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹranko 6 òkè yẹn, ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ á mú òkìtì kan náà wá, ẹ kò sì ní mọ ìbéèrè tí ọmọ ń dáhùn. Ẹ yọ màlúù, kí ẹ fi ẹja sí i, kí ẹ wá béèrè èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò. Pẹ́pẹ́yẹ á kúrò lọ́dọ̀ adìyẹ, á lọ bá ẹja. Fún ọmọ ọdún 5, ẹ ṣe òbìrí kan fún ìyẹ́, òmíràn fún ìlúwẹ̀ẹ́. Nígbà tó bá gbé pẹ́pẹ́yẹ dání, tó ń wo ọ̀tún wo òsì, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ fa okùn méjèèjì títí wọn yóò fi gun ara wọn, kí ẹ sì dúró wo ibi tí yóò gbé e sí.