Ẹ̀bù kọ́ ni iṣu: àṣìṣe tí a máa ń ṣe tí a bá ń ka ìwé ìjọba

Okun o, ẹ̀yin ará mi. Bí ẹnìkan bá ti rí orúkọ ìlú rẹ̀ nínú ìwé ìṣúná, ohun tó máa sọ ní ìpàdé ìdàgbàsókè ni pé, "Wọ́n ti gba owó wa, wọ́n ti jẹ ẹ́." Ó máa ń dùn mí, torí ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣìnà. Ìwé ìṣúná kì í ṣe ìwé owó tí wọ́n ná. Ẹ̀bù ni, kò tíì di iṣu. Ọ̀tọ̀ ni iye tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí, ọ̀tọ̀ ni iye tí wọ́n tú sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n ná. Ẹ wá ìròyìn ìmúṣẹ ìṣúná tí wọ́n ń gbé jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì wo ìròyìn ayẹ̀wé-owó-wò àgbà (Auditor-General). Abala 85 òfin ìpìlẹ̀ 1999 ló pa àyẹ̀wò owó yìí láṣẹ fún ìjọba àpapọ̀, abala 125 fún ìpínlẹ̀. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síra wọn kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ẹ má wá owó Àbújá, ìyẹn ti ìjọba àpapọ̀, nínú ìwé Lọ́kọ́ja, ìyẹn ti ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi. Ọ̀nà Kabba sí Obajana tilẹ̀ tún yàtọ̀: Dangote ló fi kọnkéré ṣe é lábẹ́ Àṣẹ Ààrẹ 007 ti ọdún 2019, tó gba ilé-iṣẹ́ láyè láti fi owó ara rẹ̀ ṣe ọ̀nà, kó máa yọ ọ́ nínú owó orí tó yẹ kó san. Ẹni tó bá ń wá gbogbo owó ọ̀nà yẹn nínú ìṣúná iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde á wá a tì.

Àbá òfin kì í ṣe òfin. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti buwọ́ lù ú.

Tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà béèrè ìwé, ẹ má kọ "gbogbo ìwé lórí omi ẹ̀rọ." Ẹ dárúkọ iṣẹ́ náà, ọdún rẹ̀ àti irú ìwé tí ẹ ń fẹ́. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, wọ́n sì lè fi 7 kún un. Kò di dandan kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 2025 pé òfin náà de ìpínlẹ̀ gbogbo.

Èmi fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan rí láìgba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà ọwọ́ mi. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Ọjọ́ 7 tí mo ti ń kà, kò sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni mo ń gbé lọ báyìí, n kì í kúrò nídìí tábìlì títí wọn á fi lu òǹtẹ̀ tó ní déètì.