Ẹ Yọ Táàpù Yẹn Kúrò: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Asẹ́ Oníyanrìn

Owó táwọn èèyàn ń fi ṣòfò lórí asẹ́ omi oníyanrìn ní àwọn abúlé wa ń dùn mí gan-an. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: àpótí kọnkéré, òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, iyanrìn lórí rẹ̀, páìpù tí omi ń gbà jáde. N kò bá ìyẹn wá.

Èkíní, iyanrìn. Èyí tí bíríkìlà kó wá látodò kọ́ lẹ ó dà sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ màlúù àti ewé jíjẹrà wà nínú rẹ̀. Ẹ ra òkúta lílọ̀ ní kúárì, kẹ́ ẹ fi ajọ̀ tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 0.7 jọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì fọ̀ ọ́. Bí omi bá kún un dẹ́nu, tí lítà kan jáde kí ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀ tó pé, omi ń sáré jù.

Èkejì, omi tó ti ní chlorine, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, kò gbọdọ̀ kàn án.

Omi ẹrẹ̀? Ẹ jẹ́ kó tòrò ná.

Ọ̀rọ̀ táàpù wá ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ fi táàpù sẹ́nu páìpù? Ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn, gbogbo asẹ́ tí wọ́n ṣe fún wọn ló ní táàpù dídán lẹ́nu. Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, a máa ń tì í pa ni, kómi má baà ṣòfò.” Mo ṣí ọmọrí: omi kún dẹ́nu, ó ń rùn. Ẹ̀bi màmá kọ́ o. Ẹni tó gbowó iṣẹ́ ló jẹ̀bi.

Ohun ẹlẹ́mìí ló wà lójú iyanrìn yẹn. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ló ń gbébẹ̀, àwọn ló ń jẹ kòkòrò àrùn, wọ́n sì ń mí. Ìdí nìyẹn tí ẹnu páìpù fi wà lókè, kí omi tó bá dúró lórí iyanrìn má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí afẹ́fẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ ti táàpù pa, omi ga, wọ́n kú. Lọ́dún 1892, onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 8,000 ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì. Odò Elbe kan náà ni Altona, ìlú ìtòsí rẹ̀, ń mu, ṣùgbọ́n iyanrìn ni wọ́n fi ń sẹ́ tiwọn, àrùn náà ò sì ràn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń fi táàpù bà jẹ́ nìyẹn!

Àwọn ẹlẹ́mìí yìí náà lẹ̀ ń pa tẹ́ ẹ bá kó iyanrìn jáde lọ fi ọṣẹ fọ̀, nítorí pé omi ń kán tó-tó-tó. Ó lè tó 30 ọjọ́ kí wọ́n tó tún pọ̀ tó. Ẹ kàn rọra fi ọwọ́ rú omi tó wà lórí iyanrìn, kẹ́ ẹ fi ife bu ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ bu omi míì sí i. Ó parí. Ẹ má sì jẹ́ kó ju wákàtí 48 lọ láìbu omi sí i.

Kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ fi pọnmi odò kọ́ lẹ ó fi gba omi tó jáde o.

Asẹ́ yìí kì í yọ iyọ̀ àti fluoride, èròjà kan tó máa ń wà nínú omi kànga míì, kúrò nínú omi. Abúlé tí omi kànga wọn bá níyọ̀, ẹ má ta asẹ́ yìí fún wọn rárá.