Bí O Ṣe Lè Dá Caudron G.3 Mọ̀ Nínú Fọ́tò Àtijọ́

Bààlúù àwọn ará Faransé láyé 1914 ni Caudron G.3. Ìrù ni kó o kọ́kọ́ wò, fi imú sílẹ̀ ná. Bí ẹ̀yìn bààlúù náà bá jẹ́ kìkì igi àti wáyà, tí ojú ọ̀run ń hàn láàárín wọn, wá ẹ́ńjìnnì. Bó bá wà lẹ́yìn awakọ̀, Farman, bààlúù Faransé mìíràn, tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Bó bá wà níwájú, Caudron lo mú dání yẹn.

Ka ẹ́ńjìnnì náà o. Ọ̀kan ni ti G.3, méjì ni ti G.4, Caudron mìíràn tó dé ní 1915. Àwọn tó ń ta fọ́tò kì í bìkítà, G.3 ni wọ́n á kọ sí gbogbo rẹ̀!

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni igi ìsàlẹ̀ méjèèjì: láti ìrù ni wọ́n ti wá, wọ́n gba abẹ́ apá kọjá, wọ́n yọ síwájú, ara wọn ni táyà wà. Tún wo etí ẹ̀yìn apá òkè, ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Ó rọ̀ ni, torí wáyà ni awakọ̀ fi ń lọ́ apá fúnra rẹ̀ láti yí bààlúù.

Gaston àti René Caudron, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Faransé, ló ṣe é. Ní 1914, àwọn ọmọ ogun ń fi í wo ibi tí ọ̀tá to ìbọn àgbá sí. Bó o bá rí ìbọn lára rẹ̀, tún un yẹ̀ wò: ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní.