Oògùn ti gbé e lọ: ohun tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó dé ọsibítù

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo sí ẹni tí oògùn olóró ti gbé lọ lẹ́nu o. Tí ọmọ kan bá ti mu trámádọ̀ tàbí kódíìnì kọjá agbára ẹ̀ ní Lagere báyìí, ẹ máa rí i táwọn èèyàn á ti máa sáré wá epo pupa, mílíìkì alágolo, omi tútù, wọ́n á já ẹnu ẹ̀ wọ́n á máa rọ ọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ò mọ̀ pé òun wà láyé ò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Èémí tó ń dúró ló ń pa wọ́n. Ọpọlọ tó ń rán wa létí ká mí, oògùn yẹn á mú un sùn. Torí náà ẹ pè é lórúkọ, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi ìkúùkù ha egungun àárín àyà ẹ̀. Tí ò bá dáhùn, tó ń hanrun bíi pé omi wà lọ́fun ẹ̀, tí dúdú ẹyinjú ẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí inú ètè ẹ̀ ti rí bí eérú, oorun kọ́ nìyẹn o!

Kí ẹnìkan pe 112 tàbí kó wá mọ́tò tó máa gbé e lọ sí ọsibítù, OAUTHC n'Ífẹ̀ tàbí Wẹ́sílì ní Iléṣà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró, ẹ tẹ orí ẹ̀ sẹ́yìn, ẹ di imú ẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 5, kẹ́ ẹ rí i pé àyà ẹ̀ ń gbéra. Tó bá ti ń mí fúnra ẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dùbúlẹ̀ kí èébì má baà pa á.

Abẹ́rẹ́ naloxone ló ń jí wọn, àmọ́ agbára ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 30 sí 90 lọ, oògùn tó mu sì tún lè gbé e lọ padà, ẹ má jẹ́ kó dìde lọ sílé.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù làwọn oògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìgboro. Fentanyl tí Paul Janssen ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù fún iṣẹ́ abẹ, ìlọ́po 50 sí 100 agbára mọ́fíìnì, oògùn ìrora ọsibítù, ni. Nitazene wá, láti bí ọdún 1950 sí 1960 ni wọ́n ti ṣe é, kò di oògùn ọsibítù rí, àfìgbà tó jáde sígboro ní 2019, ó sì ti wà nínú kush, oògùn olóró tí wọ́n ń fà ní Sàró (Sierra Leone). Tí òfin bá ti mú ọ̀kan, àwọn tó ń pò ó á yí i padà díẹ̀, wọ́n á tún gbé òmíì jáde. Hóró tó jọ trámádọ̀ lè máà jẹ́ trámádọ̀, abẹ́rẹ́ naloxone kan sì lè má tó o.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ kó páálí tàbí ìgò tó bá wà nílẹ̀ lọ fún dókítà, kẹ́ ẹ sọ ohun tó mu gan-an, ẹ má tìtorí ìtìjú sọ pé ibà ni.