Mo gbé irin, ẹ̀ṣẹ́ mi ò sì falẹ̀

Kóòṣì wa ní Mushin kì í fẹ́ gbọ́ irin gbígbé sétí. Lójú tiwọn, táyà àti òòlù ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé ti tó abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Anthony Joshua ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí: “Ṣé ẹ rí ọmọ Ṣàgámù yẹn ní New York lọ́dún 2019? Iṣan ni gbogbo ara, síbẹ̀ Andy Ruiz oníkùn lù ú ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́rin.” Òótọ́ ni. Joshua wọ̀n ju 112 kg lọ, rẹfirí sì dá ìjà dúró ní ráùndì keje. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Saudi Arabia lóṣù Kejìlá, ó ti jò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 108 kg, ó ń jìnnà sí Ruiz, ó ń fọwọ́ òsì gún un, ó sì gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà.

Mo rán wọn létí pé Joshua kan náà wọ̀n tó 113 kg nígbà tó na Wladimir Klitschko ní Wembley lọ́dún 2017, ìyẹn sì wọ ráùndì kọkànlá. “Ẹ jẹ́ kí n dán an wò, sà.” Wọ́n ní, “Tí ọwọ́ ẹ bá falẹ̀, wàá fara gbá a.”

Ìsọ̀rí ìwọ̀n 71 kg ni mo ti ń jà. Tí mo bá sanra, mo ní láti jò kí wọ́n tó wọ̀n mí, ta ló fẹ́ ìyẹn? Ẹni tó ń gbé irin nígbà mẹ́jọ sí méjìlá títí apá fi kọ̀, tó tún ń jẹun gidi lé e, iṣan rẹ̀ á wú. Èmi mú irin tó wúwo: ìgbà márùn-ún, nígbà tó yá ìgbà mẹ́ta péré, màá sì sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí n tó padà sí i. Irú ìyẹn ń kọ́ iṣan tó wà nílẹ̀ láti jí lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò fi ṣíbí kan kún oúnjẹ mi. Squat (kí èèyàn gbé irin lé èjìká, kó lóṣòó, kó sì dìde), deadlift (kó gbé irin láti ilẹ̀ títí yóò fi nàró) àti fífa ara sókè lórí irin ni mo ṣe. Mo fo gbogbo èyí tó ń wú apá. Apá tó bá wúwo, ìwọ náà lo máa gbé e sókè fún ráùndì mẹ́ta.

Èyí tó wúlò jù ni bọ́ọ̀lù wúwo. Màá dúró bí ẹni tó fẹ́ jà, ògiri níwájú mi, bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà ọ̀tún. Gìgísẹ̀ ẹ̀yìn á kọ́kọ́ yí, ìbàdí á tẹ̀ lé e, èjìká á tẹ̀ lé ìbàdí, kí ọwọ́ tó wá ti bọ́ọ̀lù náà: gbàà! Tí gìgísẹ̀ bá kọ̀ tí kò yí, bọ́ọ̀lù á já bọ́ kó tó dé ògiri. Bí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún ṣe ń jáde nìyẹn gẹ́lẹ́, ilẹ̀ ló ti ń gbéra. Kóòṣì ń wò mí lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ páàdì, wọ́n ní kí n wá gbá a bẹ́ẹ̀.

Ètò ọjọ́ ló le jù. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí squat bọ̀ kì í jó nínú ríìǹgì, nítorí náà mi ò jẹ́ kí irin ṣáájú spárìn, ìyẹn ìjà ìdánrawò. Lọ́jọ́ tí mo bá lu bàágì láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni màá gbé irin, kí ọjọ́ kejì lè jẹ́ ìsinmi pátápátá. Nígbà tí ìjà kù dẹ̀dẹ̀, mo pa irin tì.

Ìwọ̀n mi ò kọjá. Ní ráùndì kẹta tí a di mọ́ra, èmi ni mò ń ti ọmọkùnrin tí a jọ ń jà sẹ́yìn. Wọ́n gbé ọwọ́ mi sókè. Mi ò ní í fún irin ní gbogbo ìyìn o. Eré àárọ̀ ló gbé mi dé ráùndì yẹn.

Fún àwọn oníjà MMA, tó ń lu ẹ̀ṣẹ́ tó tún ń gbé ara wọn lulẹ̀, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀, torí ìwúwo ara lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Israel Adesanya gòkè sí ìsọ̀rí tó wúwo ju tirẹ̀ lọ láti bá Jan Błachowicz jà lóṣù Kẹta 2021, nǹkan bíi 91 kg ló wọ̀n níbi tí ààlà ti jẹ́ 93. Níbi tí wọ́n ti dúró jà, kò burú. Ìgbà tí wọ́n gùn ún mọ́lẹ̀ ni kò ráyè dìde.

Kóòṣì ti ra bọ́ọ̀lù wúwo sí jíìmù báyìí. Irin tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ gbé fún àyà ni wọn ò tíì gbà kó wọlé, mi ò sì bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.