Bí mo ṣe ya àwòrán ìgbóná ojú òkun lábẹ́ ìkúukùu

Níbi tí Gulf Stream, ìṣàn omi gbígbóná inú òkun, ti ń kúrò létí Amẹ́ríkà bọ́ sí àárín Àtìláńtíìkì, ìkúukùu kì í fẹ́ kúrò lójú ọ̀run nígbà òtútù. Kámẹ́rà orí sátẹ́láìtì kì í rí nǹkan kan kọjá rẹ̀. Ìgbóná omi ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ mọ̀, ni mo bá yan AMSR2, ẹ̀rọ tí àwọn ará Japan gbé gòkè lórí sátẹ́láìtì GCOM-W1 ní oṣù karùn-ún ọdún 2012.

Ẹ̀rọ yìí kì í tan ohunkóhun sí omi. Gbogbo ohun tó bá ní ooru lára ló ń tú ìgbì máíkírówéèfù díẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Áńtẹ́nà AMSR2, tó fẹ̀ tó mítà 2, tó sì ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.5, ló ń gba ìgbì náà láti bíi 700 kìlómítà lókè.

Mo forúkọ sílẹ̀ lójú òpó JAXA, àjọ òfúrufú Japan, mo sì gba fáìlì lọ́fẹ̀ẹ́. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní L1R ni mo mú. Ẹ̀rọ náà ní ìkànnì púpọ̀, GHz ni wọ́n sì fi ń sọ bí ìgbì ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára mì tó. Ìkànnì 6.9 GHz ń wo àyè tó tó kìlómítà 35 sí 62 lẹ́ẹ̀kan náà, ti 89 GHz kò ju 3 sí 5 lọ. Nínú L1R, wọ́n ti mú àyè wọn dọ́gba kí èèyàn lè fi wọ́n wéra. Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi ṣí i. Mo fi 0.01 sọ nọ́ńbà ibẹ̀ di púpọ̀ kó tó di kelvin, ìwọ̀n ooru àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Ìgbì lè máa mì ní òòró tàbí ní ìbú, AMSR2 sì ń wọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Omi tó gbóná tó 300 kelvin lè fi bíi 165 kelvin hàn ní 6.9 GHz ti òòró, kí ti ìbú má sì tó 100. Omi kì í tú gbogbo ooru rẹ̀ jáde, ojú ọ̀run tó tutù ló sì ń hàn lára rẹ̀ bó ṣe ń hàn lára dígí. Ní igun 55° tí AMSR2 fi ń wo omi, afẹ́fẹ́ tó ń ru òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ti òòró padà, ṣùgbọ́n ti ìbú a máa gòkè, pàápàá bí omi bá ti ń hó funfun. Nítorí náà, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì fi agbára afẹ́fẹ́ hàn mí. 23.8 GHz sọ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, 36.5 sọ omi inú ìkúukùu. Nígbà tí mo yọ gbogbo ìwọ̀nyí kúrò lára 6.9 àti 10.65, ìgbóná omi ló kù.

Mo ní láti fi í wé ohun tí àwọn ẹ̀rọ tó ń léfòó lójú òkun wọ̀n. Ibí yìí gba ìṣọ́ra. Láti nǹkan bíi mìlímítà kan péré ní òkè omi ni ìgbì 6.9 ti ń wá, ẹ̀rọ tó ń léfòó sì ń wọn bíi sẹ̀ǹtímítà 20 nísàlẹ̀. Bí oòrùn bá mú tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, òkè omi á gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ. Ìwọ̀n tí sátẹ́láìtì náà ṣe nígbà tó ń kọjá ní aago kan ààbọ̀ òru nìkan ni mo lò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ju mítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo gé ibi tí òjò ńlá ti ń rọ̀ kúrò, àti bíi 100 kìlómítà sí etí ilẹ̀, torí ìgbì ilẹ̀ lágbára ju ti omi lọ fíìfíì, ó sì máa ń jò wọ inú ìwọ̀n omi tó bá wà nítòsí.

Omi gbígbóná náà jáde gbọọrọ lábẹ́ ìkúukùu, etí rẹ̀ ní àríwá sì mú. Àwọn yíyípo omi kéékèèké kò hàn, àyè 6.9 ti tóbi jù fún wọn. Síbẹ̀, àwòrán fífẹ̀ tó pé dára fún mi ju èyí tó mọ́ kedere ṣùgbọ́n tó kún fún ihò. Lẹ́yìn náà ni mo gbé àwòrán afẹ́fẹ́ lé e: lókè omi gbígbóná, afẹ́fẹ́ yá ju ti omi tútù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, torí ooru omi ń ru afẹ́fẹ́ sókè, ó sì ń fa èyí tó yára láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.