Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ìlà Oúnjẹ Ọ̀sán ní Yunifásítì

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá, láàárín aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán ni ebi máa ń pa gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kíláàsì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá yóò parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò tú jáde, wọn yóò sì forí lé búkátéríà kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kíláàsì mìíràn ń dúró dè ní aago kan. Ní Yunifásítì Ìbàdàn àtijọ́, inú gbọ̀ngàn ìjẹun ibùgbé wọn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun, kí ìjọba tó dáwọ́ owó ìrànwọ́ oúnjẹ dúró ní àwọn ọdún 1980. Lónìí, oníkálukú ló ń wá tirẹ̀ kiri. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe gígùn ìlà ló ń jẹ àkókò jù, bí kò ṣe pé ẹni tó tò kò wo ibi tí ìdádúró ti ń wá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ènìyàn sáré bọ́ sí ìlà tó kúrú jù láìwo ohun tí wọ́n ń bù níwájú rẹ̀. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ti wà nínú kúlà láti àárọ̀. Bíbù ló kù, nítorí náà ìlà wọn a máa yára bó ti wù kó gùn tó. Ti àmàlà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìkòkò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rò ó, bí èyí tó wà nílẹ̀ bá sì ti tán, ẹni mẹ́fà péré tó kù lórí ìlà yóò dúró títí omi yóò fi hó, tí wọn yóò fi da èlùbọ́ sí i, tí wọn yóò fi rò ó dáadáa, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í sínú ọ̀rá. Bí ẹ bá rí i tí obìnrin tó ń bù ú ti ń fi ìgbakọ ha ìdí kúlà, tí ẹnikẹ́ni kò sì di ọmọ-orógùn mú lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má ṣe tò síbẹ̀ bí kíláàsì yín bá kù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló tẹ̀ lé e, òun gan-an ló sì ń dá ìlà dúró jù láyé ìsinsìnyí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti gba àmàlà méjì pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti pọ̀nmọ́ kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ fóònù láti fi owó ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò máa yí, yóò máa yí. Nígbà tó bá jàjà lọ, ìyá olóúnjẹ yóò ní, “Mi ò tíì rí alẹ́ẹ̀tì o,” yóò sì fi ọwọ́ lé àwo náà. N kò dá a lẹ́bi, nítorí ayédèrú rìsíìtì tí àwọn kan ti fi hàn án kò kéré. Àwọn tó wà lẹ́yìn yóò máa pòṣé. Ẹ mú owó bébà dání, kó sì jẹ́ iye tí ẹ fẹ́ ná gan-an, nítorí pé ṣéńjì náà ní ìdádúró tirẹ̀. Bí fóònù nìkan ni ẹ ní, ẹ béèrè nọ́ńbà àkáǹtì wọn nígbà tí ènìyàn bíi mẹ́wàá ṣì wà níwájú yín.

Ẹ má ṣe dé iwájú kí ẹ tó máa ronú. “Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ bá mi bu ìrẹsì ẹgbẹ̀rin náírà, ẹ̀wà igba, ẹyin kan” ti tó. Ṣọ́ǹtì, ìyẹn kí ènìyàn já wọ iwájú àwọn tó ti tò, kò dára, gbogbo wa la mọ̀. Ohun tí àwọn èèyàn kì í kà sí ṣọ́ǹtì ni kí ẹnì kan ṣoṣo ra oúnjẹ fún ọ̀rẹ́ márùn-ún, tí kálukú wọn ń pè é lórí fóònù láti yí ẹran padà.

Àwọn mìíràn a kọ ìlà sílẹ̀ pátápátá, wọn a fi mínírà àti gálà sún un di alẹ́. Ìgò mínírà 50cl lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 50, ebi yóò sì tún padà kí kíláàsì tó parí. Àwọn kan gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń gbé ìrẹsì wá láti ilé, ṣùgbọ́n wọn a fi í sínú báàgì láti aago méje àárọ̀ di aago méjì. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ láìsí nínú fíríìjì tàbí kí ó máa gbóná gidi. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń yè nínú ìrẹsì lẹ́yìn tó ti jinná, gbígbóná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kì í sì í pa oró tó ti tú sílẹ̀. Fúláàsì oúnjẹ tó ń mú ooru dúró dáadáa ló yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rà.

Ní ti àwọn tó ń fi fóònù pe oúnjẹ, wọ́n rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìlà. Ìlà náà wà ní ilé ìdáná, wọn kò kàn rí i ni, ọlọ́kadà tó ń gbé e bọ̀ sì tún lè há sí géètì. Ẹni tó bá máa pè é kí ó pè é kí kíláàsì aago mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀, kó sì sọ aago tó fẹ́ gbà á.